Ìyá Tó Fi Ọmọ Gba Ààyè Nínú Ọkọ̀ Òkun

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọkọ, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó nà án sí aládùúgbò. Ẹ má sọ pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ àwa ìyá tó máa ń sọ pé "mò ń bọ̀ báyìí", tí a kì í bọ̀, ti sú mi.

1.

Ní ọdún 1982, obìnrin kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń jẹ́ Mobọ́lájí. Aṣọ ló ń tà. Bọ́dúnrìn ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Odogbolu. Ọkọ yìí sanwó ọkọ̀ òkun fún àwọn méjèèjì, ọkọ̀ afẹ́ ńlá tó ń ti Àpápá lọ sí Lomé àti Abidjan, tó sì ń padà. Nígbà tó kù díẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kò fún un láàyè mọ́. Bọ́dúnrìn ní kí ìyàwó òun máa lọ, kó gbádùn ara rẹ̀.

Ìyá Bọ́dúnrìn ní, "Ìyàwó mi, fi Bọ́lánlé ọmọ ọwọ́ yìí sílẹ̀ fún mi. Màá máa fún un ní ògì."

"Ẹ má dààmú, Màámi. Wọ́n ní yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ nínú ọkọ̀ náà. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ohun ìṣeré wà níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe lò ó.

2.

Ibùsùn funfun, omi gbígbóná, atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ nínú yàrá, oúnjẹ tí èèyàn kò bá wọn dáná rẹ̀: kò sí èyí tó tẹ́ Mobọ́lájí lọ́rùn. Ọbẹ̀ wọn kò ta. Tíì wọn ti tutù. Báwo ni kò ṣe ní tutù, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n á ti palẹ̀ mọ́ kó tó dé ibi oúnjẹ? Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ṣé ọ̀fẹ́ ni mo wọ ọkọ̀ yín ni?" Wọ́n á tún bù ú fún un.

Bó ṣe ń ṣe ní yàrá ọmọ náà nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Kúbúrátù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Àkókò á ti tó láti ti yàrá náà, Bọ́lánlé á máa ké, ìyá rẹ̀ á wà lókè níbi tí wọ́n ti ń jó. Kúbúrátù á pọ̀n ọ́n lọ bá a.

"Ìyá Bọ́lánlé, ọmú ni ọmọ yìí fẹ́. Kò gba ìgò."

"Nọ́ọ̀sì, ṣé iṣẹ́ yín kọ́ ni? Ẹ pọ̀n ọ́n díẹ̀ sí i, mò ń bọ̀ báyìí."

"Ẹ̀yin lẹ bí i o. Èmi kọ́."

Mobọ́lájí rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tó ń pẹ́ yìí, wọ́n ń dúró dè é. Ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn.

3.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Lomé. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo èrò pé bí fèrè bá ti dún, kí wọ́n padà sínú ọkọ̀. Mobọ́lájí gbé ọmọ fún nọ́ọ̀sì, òun àti Fàtímọ̀, obìnrin tí yàrá wọn jọ sún mọ́ra, gba ọjà lọ. Ó rí léèsì. Ojú rẹ̀ ṣí. Ó ń ro iye tí òun máa tà á ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ń ná an lọ́wọ́ ni fèrè dún.

"Mobọ́lájí, wọ́n ti ń pè wá!"

"Jẹ́ kí wọ́n máa pè. Ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, bí mo bá ti fi gèlè sórí ìjókòó, dírẹ́bà á máa fọn fèrè títí màá fi ra iṣu tán. Gèlè kọ́ ni mo fi sílẹ̀ lónìí, ọmọ ni. Ta ló máa gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ?"

"Òkun kì í ṣe garéèjì o!"

"Máa lọ, jàre. Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ báyìí. Ṣé o ò rí i pé obìnrin yìí ti fẹ́ gbà ni?"

Fàtímọ̀ sáré. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún fọn fèrè. Ọkọ̀ mìíràn ti ń dúró láti gba ibùdó náà. Wọ́n fa àtẹ̀gùn sókè.

Ìgbà tí Mobọ́lájí dé etí òkun pẹ̀lú ẹrù léèsì lórí, omi ló bá níbẹ̀.

"Ẹ dá a dúró! Ọmọ mi wà nínú ẹ̀!"

Ta ló fẹ́ bá a dá a dúró? Wàrà ọmú ti rin bùbá rẹ̀ gbindin.

4.

Bọ́lánlé kọ ìgò. Ara rẹ̀ gbóná. Ẹ̀yìn Kúbúrátù ló ń sùn, síbí ni wọ́n fi ń kán mílíìkì sí i lẹ́nu. Nígbà tí ọkọ̀ padà dé Àpápá, Bọ́dúnrìn àti ìyá rẹ̀ ti dúró láti pàdé wọn.

"Nọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ dà?"

"Ó lọ ra léèsì ní Lomé, Mà. Ọkọ̀ fi í sílẹ̀."

Ìyá àgbà na ọwọ́, ó gba ọmọ. Ó ti fúyẹ́. Ọsibítù ni wọ́n gbé e gbà kí wọ́n tó lọ sílé ìyá àgbà ní Odogbolu.

Mobọ́lájí gba orí ilẹ̀ bọ̀. Páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, wọ́n dá a dúró ní bọ́dà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù gba gbogbo léèsì, nítorí ìjọba ti fòfin dè é. Nígbà tó fi máa dé Odogbolu, ọmú rẹ̀ ti gbẹ.

"Màámi, ẹ gbé e fún mi."

"Gbà á. Bó bá gbà."

Kò gbà. Ó ké, ó sì fi orí pamọ́ sí àyà ìyá àgbà.

Bọ́dúnrìn ní, "Ọ̀dọ̀ Màmá ni Bọ́lánlé máa wà. Ìwọ máa bá ọjà rẹ lọ."

Mobọ́lájí bẹ̀bẹ̀, ó gbé àwọn àgbà wá. Ọkọ kò yí ohùn padà. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ń lọ wò ó, á ra bísíkíìtì dání. Nígbà tó yá, Bọ́lánlé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe rí ìyá tó bí i lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo sínú ilé pé:

"Màmá, Àǹtí oníbísíkíìtì ti dé!"

Ẹ̀yin ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Èèyàn lè bá wa gbé ọmọ, kò lè bá wa jẹ́ ìyá. Bí ẹni tó ń tọ́jú yín bá ní sùúrù, ẹ má sọ sùúrù rẹ̀ di ẹ̀tọ́ yín. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ fi ọjà sílẹ̀, ẹ dìde! Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò pa.