Ayò Ìlú Méje

Lọ́dún 1984, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, Akínbọ́lá, tíṣà jọ́gíráfì ní Ìkẹ́nnẹ́, ya máàpù kan sórí páálí fífẹ̀. Ayé inú máàpù náà kò jọ tiwa. Òyìnbó kò dé etíkun wa rí níbẹ̀. Ìlú méje tó ń fi ìbò yan olórí ló parapọ̀, tí wọ́n ń jẹ́ Àjọ Olómìnira, wọ́n sì ń bá Ilẹ̀ Ológun jà. Bọ́tìnnì ni ọmọ ogun. Dáìsì lúdò ló ń sọ ẹni tó borí.

Lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ Àìkú, àwọn ọkùnrin mẹ́fà a máa wá sílé tíṣà náà. Morónkẹ́, ìyàwó Akínbọ́lá, a jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, a máa gbọ́ wọn. Wọn kì í pariwo bí àwọn aláyò. Bó bá gbé omi wọlé fún wọn, wọn á dákẹ́ títí yóò fi jáde. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ayò náà ló wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni àwọn sójà dé. Wọ́n kó páálí, wọ́n kó bọ́tìnnì, wọ́n sì mú Akínbọ́lá lọ sí àgọ́ wọn. Wọ́n ní àwòrán ogun ló ń yà.

Morónkẹ́ sáré lọ bá Bẹ̀llò, oníṣòwò obì ní Ṣàgámù, ọ̀kan lára àwọn mẹ́fà náà.

“Àlàájì, ẹ dákun, ẹ tẹ̀lé mi lọ sọ fún wọn pé ayò lásán ni. Ẹ̀yin náà ṣáà ń ta á.”

Bẹ̀llò ń ṣa obì rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. “Ìyàwó wa, ayò wo? Èmi ò mọ ayò kankan. Bó o bá fẹ́ràn ọkọ rẹ, lọ jókòó sílé.”

Ó dé Òde Rẹ́mọ, àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà Ilésanmí tó jẹ́ katikíìsì. Àwọn ará ilé ní ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ló ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àna rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ojo ni gbogbo wọn, Morónkẹ́ wí nínú ara rẹ̀, ó sì wọ takisí padà sílé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ kó rí ọkọ rẹ̀, láti òdìkejì àgbàlá. Ojú rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ ti bẹ́. Morónkẹ́ fẹ́ pè é, àmọ́ Akínbọ́lá mi orí sí i lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó tì í wọlé. Láti ọjọ́ náà, Morónkẹ́ gbààwẹ̀, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá àgọ́ náà, Kápúténì Yúnúsà.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ta á fún yín. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó mọ̀ pé eré ni.”

Ọ̀gá náà wò ó títí. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún un, kí wọ́n gbé páálí wá. Ohùn rẹ̀ tutù.

“Ó dáa, ìyá. Èmi ni Ilẹ̀ Ológun. Ta ló máa ń mú un nílé yín?”

“Kò sẹ́ni, ọ̀gá. Dáìsì ni wọ́n ń bá ta á. Apá kan náà ni àwọn méjèèje wà.”

“Mo gbọ́.” Yúnúsà ju dáìsì, ó sì fi ìka kan ìlú tó wà létí òkun. “Ta ló ni èyí?”

Morónkẹ́ rò ó wò. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé katikíìsì àti oníṣòwò obì ń dìtẹ̀ mọ́jọba? Bí ọ̀gá yìí bá mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, ẹ̀rín ni yóò fi í rín.

“Àlàájì Bẹ̀llò ni, ọ̀gá, tó ń ta obì ní Ṣàgámù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.”

“Èyí ńkọ́?”

“Katikíìsì Ilésanmí ni, ará Òde Rẹ́mọ. Ó wà lọ́dọ̀ àna rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ báyìí.”

“Èyí?”

“Olúsànyà ni, dókítà ni ní Ìpẹ̀rú.”

Bí ó ṣe ń tọ́ka ni Morónkẹ́ ń dáhùn, títí kò fi ku ìlú kan. Ọ̀gá náà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n ta á fún bíi wákàtí kan, títí gbogbo bọ́tìnnì Àjọ Olómìnira fi tán lórí páálí.

Yúnúsà rẹ́rìn-ín. “Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Eré ni. Ẹ máa mú ọkọ yín lọ.”

Morónkẹ́ dojú bolẹ̀, ó ń dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Takisí ló gbé wọn lọ sílé. Nígbà tí wọ́n délé, Morónkẹ́ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó ki ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó rọra ń fọ̀ ọ́. Èékánná méjì ti kúrò níbẹ̀.

“Báwo ni wọ́n ṣe fi mí sílẹ̀?” ni ọkọ rẹ̀ bi í.

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

“O dárúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?”

“Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Bàbá Dọ̀tun. Mi ò fo ẹnì kan.”

Akínbọ́lá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kúrò nínú omi.

“Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi lù mí nítorí orúkọ mẹ́fà yẹn, Morónkẹ́,” ó wí, “kì í ṣe ayò la ń ta.”