Àga Tí Wọ́n Gbé fún Kóòṣì

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Brubaker, kóòṣì ẹgbẹ́ tí a fẹ́ bá gbá, gbé àga onígi tó ń mì síwá-sẹ́yìn wọ àárín pápá, irú èyí tí wọ́n máa ń fún kóòṣì tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì. Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Kóòṣì wa bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì wà níbẹ̀. Odindi òun? Òun tó ti jáwé olúborí nígbà ẹgbẹ̀ta láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí ohùn rẹ̀ ṣì ń gbọn fèrèsé? Ẹ gbà mí!

"Brubaker, ta ni wọ́n ń lé lọ sílé?"

"Ìwọ ni, arúgbó! O ti nà wá tó. Jẹ́ kí ìdí ẹ sinmi!"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń lọ?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Brubaker. "Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ló kọ̀wé sí wa. Àbí wọn ò tíì sọ fún ẹ ni?"

Kóòṣì yíjú sí Lyle, igbákejì rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní bọ́ọ̀lù.

"Lyle, ìgbà wo lo gbọ́?"

"Ọjọ́ Ajé, ọ̀gá."

"Ta ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ mi fún?"

Lyle ń wo bàtà ara rẹ̀.

Fèrè dún. Kóòṣì fi tipátipá rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí èrò, ó sì sáré padà sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Géńdé méjìlá so ọwọ́ pọ̀, wọ́n ń dúró de àṣẹ. Ó la ẹnu.

Gbogbo wọn ń wo Lyle.