Ta Ló Wọ Léèsì Kẹ́hìndé?

Oòrùn ọ̀sán ń ràn, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ni Kẹ́hìndé ń gbọ̀n.

Obìnrin kan dúró ní àgbàlá rẹ̀ n'Ígbó-Ọrà, ó kẹ̀yìn sí i. Léèsì tí Kẹ́hìndé wọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìbejì ló ń wọ aṣọ kan náà. Táyé sì ti kú láti kékeré.

Kẹ́hìndé kúnlẹ̀. "Táyé, dákun, má mú mi lọ!"

Obìnrin náà ò mira.

Kẹ́hìndé fọwọ́ kàn án. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló kún inú aṣọ náà bámú.

Sàrátù, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, yọjú. "Màámi, èmi ni mo ṣe é. Àtaṣọ àtọ̀rá, ohun tí ẹ dà sákìtàn lọ́sẹ̀ yìí ni."

"Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan?"

"Tọ̀sẹ̀ tó kọjá wà lẹ́yìn yín."

Atẹ́gùn fẹ́. Ọ̀rá ń dún lẹ́yìn rẹ̀, kì í sì í ṣe tẹnì kan ṣoṣo.