Ẹ̀dọ̀ Bàbá Àlàó

Ẹ̀rọ oníṣẹ́ abẹ yìí á pa mí lọ́jọ́ kan. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni àwọn tí a gbin ẹ̀dọ̀ tuntun sí nínú máa ń wá sí ilé ìwòsàn wa ní Ìṣẹ́yìn kí ẹ̀rọ náà lè yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni ọdún méjìléláàádóje ni Bàbá Àlàó, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ wọn kò tíì pé oṣù mẹ́ta.

Bàbá figbe ta: "Nọ́ọ̀sì, láti aago méje ni mo ti wà níbí!"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro."

Ni ẹ̀rọ bá dáhùn: "Ẹ̀dọ̀ ti gun orí òróǹro. A ó la inú bàbá báyìí."

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ká má pòwe níwájú rẹ̀, àmọ́ èwo ni òwe nínú ìyẹn? Mo pariwo pé, "Sùúrù ni mo ní kí wọ́n ṣe! Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ ní Yorùbá?" Kò gbọ́. Ibùsùn onítáyà ti fúnra rẹ̀ yọ jáde, ó ń bọ̀ wá gbé Bàbá.

Bàbá gbá tábìlì. "Ẹ̀dọ̀ mi wà níbi tó yẹ kó wà! Mi ò fẹ́ iṣẹ́ abẹ!"

Ibùsùn dúró. Mo jókòó pẹ̀ẹ́, mo káwọ́ lérí. Àánú mi ṣe Bàbá, wọ́n sì fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Nọ́ọ̀sì, fi ọkàn balẹ̀."

Ẹ̀rọ ní, "Ọkàn nọ́ọ̀sì ti jábọ́ sílẹ̀."

Ibùsùn yí orí padà, ó kọjú sí mi.