Ọrùn Tí Clarrie Venning Kò Lè Yí

Àgálámàṣà ni àìsàn Clarrie Venning. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pín nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ níbikíbi, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tó bá dọ́gbọ́n gba tirẹ̀, ì báà jẹ́ ohun tí kò wúlò fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù nísinsìnyí, ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe lè fi í ṣe é lọ.

Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ń dá gbé nínú ilé tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ ní Kurrawilla, ìlú kékeré wa láàárín oko àlìkámà ní Australia. Bọ́ọ̀sì kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ti gbó ni Clarrie fi ń ṣe ohun gbogbo, òun náà ló ń gbé lọ sétí òkun ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta láti pẹja. Rosalind ọmọ rẹ̀, tó wà ní Adelaide, ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé ní ilé àwọn arúgbó nítòsí òun. Èsì kan ṣoṣo ni Clarrie máa ń fún un: níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì ń wakọ̀, kò sẹ́ni tó lè kó òun kúrò nílé.

Ìjọba ní ètò kan fún àwa arúgbó. Wọn a rán òṣìṣẹ́ sílé arúgbó láti bá a gé koríko, láti nu ilẹ̀, tàbí láti bá a wẹ̀, kó lè máa gbé nílé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan á kọ́kọ́ wá bi ọ́ ní ìbéèrè, gbogbo ìlú ló sì mọ ìmọ̀ràn tí a máa ń gba ara wa: ọjọ́ rẹ tó burú jù lọ ni kí o sọ fún wọn. Ìmọ̀ràn gidi ni, nítorí onígbèéraga ni àwa ará ibí; ẹni tí egungun ìdí rẹ̀ kán á ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Una Pridham, opó tó ń gbé ní òdìkejì títì sí Clarrie, kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní, "Mò ń gbìyànjú." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó sì ń dúró de òṣìṣẹ́ láti oṣù kìíní.

Ní ti Clarrie, kò mọ̀ pé òun ní ìṣòro kankan ju pé òun kórìíra gígé koríko. Nígbà tí Leanne, obìnrin tó ń bi àwọn arúgbó ní ìbéèrè, máa wá, ó fi irùngbọ̀n sílẹ̀ láìfá fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lọ wá ọ̀pá ìtilẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ lò kó tó kú. Tíì pàápàá kò fi lọ àlejò, bẹ́ẹ̀ ní ìlú wa, ọlọ́pàá tó wá múni á mu tíì kó tó múni lọ. Ó jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé nínú gbogbo irọ́ náà, ti tíì yìí ló dun òun jù.

"Ṣé ẹ lè yí ọrùn yín wẹ̀yìn?" Leanne bi í.

"Ọrùn? Ọmọ mi, ó ti gan láti ọdún mẹ́ta. Bí wọ́n bá pè mí lẹ́yìn, gbogbo ara ni mo fi ń yí."

"Ìwé yìí ńkọ́, ṣé ẹ ń rí i kà?"

"Mò ń rí i pé ìwé ni."

Nígbà tó béèrè ọjọ́ tí a wà, Clarrie ní èyí tó bá wù ú náà ni. Leanne ń kọ ọ́ lọ, inú Clarrie sì ń dùn bó ṣe ń rí i tí bíírò rẹ̀ ń sáré. Leanne ní òun yóò fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí dókítà rẹ̀. Clarrie fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n buwọ́ lù ú, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bi í nípa ọwọ́.

Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń wá sí ìlú wa. Nítorí pé ọ̀rọ̀ Clarrie le gan-an nínú ìwé, òun ni wọ́n fún ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣófo, èyí tí ìbá jẹ́ ti Una. Obìnrin òṣìṣẹ́ náà ń gé koríko, Clarrie jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mu tíì. Una bá a sọ̀rọ̀ láti òdìkejì.

"Clarrie, kí lo sọ fún wọn?"

"Ọjọ́ mi tó burú jù."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Kò tíì dé."

Una rẹ́rìn-ín, ó sì rọra wọlé pẹ̀lú súwẹ́tà tí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Clarrie rí i, ó gbójú kúrò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, dókítà ránṣẹ́ pè é. Ìwé Leanne ló wà lórí tábìlì. Dókítà ní ẹni tí ọrùn rẹ̀ kò yí, tí kò rí ìwé kà, tí kò sì mọ ọjọ́, òun kò lè jẹ́ kó máa wakọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Clarrie bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì títí egungun fi ń dún.

"Irọ́ ni mo pa, dókítà."

"Ìgbà wo lẹ wá ń parọ́, ìgbà yẹn ni àbí ìsinsìnyí?"

Clarrie bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yẹ òun wò látòkè délẹ̀. Ọrùn rẹ̀ dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ dára. Ó sọ ọjọ́ tí a wà, ó sì fi wákàtí tí òkun máa kún ní ọjọ́ Àbámẹ́ta lé e. Wọ́n wá ní kó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri. Ó ka ìlà kìíní. Ní ìlà kejì, ó ní kí wọ́n tan iná, wọ́n sì sọ fún un pé iná wà ní títàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń bú àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn pé wọ́n ń ṣahun tàdáwà.

"Ẹ lè máa gé koríko yín fúnra yín," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n ojú yín ti kọjá ohun tí awò ojú lè tún ṣe. Ẹ ò lè wakọ̀ mọ́."

Wọ́n gba òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún Una. Ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun, Clarrie á máa ti ẹ̀rọ ìgékoríko kiri nínú oòrùn, á sì máa gbọ́ ẹ̀rín Una láti balùwẹ̀ ilé rẹ̀ ní òdìkejì. Rosalind dé, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó sì rán bàbá rẹ̀ létí ọ̀rọ̀ tí bàbá náà fúnra rẹ̀ ti sọ nípa ìgbà tí kò bá wakọ̀ mọ́. Clarrie wọ yàrá lọ, ó sì sunkún.

Lọ́jọ́ tí Clarrie ń kó lọ sí ilé àwọn arúgbó ní Adelaide, Una sọdá wá kí i, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ wà ní dídè dé ọrùn.

"Clarrie, ọjọ́ yẹn, ṣé ó ti dé?"

"Ó ti dé, Una. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é."

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé kí alára líle má fi irọ́ gba ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláìlera, nítorí ẹnì kan wà tó ń dúró dè é, tí kò lè de bọ́tìnnì. Bí wọ́n bá bi wá níbi tó ń dùn wá, ká sọ ọ́ bó ṣe rí, ká má fi kún un bíi Clarrie, ká má sì yọ nínú rẹ̀ bíi Una. Ó rọrùn láti sọ. Àwa tí a ń fi Clarrie rẹ́rìn-ín ní Kurrawilla, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ bá ti kan ilẹ̀kùn, a ṣì máa ń fọwọ́ kan ọrùn wa wò ká tó dáhùn.