Ìbọn tí Hobart Fi Ọjọ́ Ayé Rẹ̀ Wá

Àwa mẹ́rin la wà nílé ìdáná lọ́jọ́ tí ìbọn náà dé: Hobart Kessler, ẹ̀gbọ́n mi; Loretta, ìyàwó rẹ̀; Clyde Stambaugh, tó ń ra ìbọn àtijọ́ tó sì ń tà á káàkiri Pennsylvania; àti èmi, Ardith. Alvin, àbúrò Hobart tí èmi tẹ̀lé, kò sí níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ ológun ló wà lára ògiri. Inú igbó kan ní Jámánì ló kú sí lọ́dún 1944, kí ìjọba tó gbé òkú rẹ̀ wálé. Orí òkè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni sàréè rẹ̀ wà.

Ẹgbẹ́ ológun kan náà làwọn méjèèjì wà, bí àwọn ọmọkùnrin ìlú wa ti máa ń ṣe. Hobart nìkan ló padà bọ̀, kò sì mọ oorun mọ́. Orí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló máa ń tòògbé sí, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Loretta a máa sọ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fẹ́ ọkọ, olùṣọ́ lòun fẹ́ ní tòun. Nígbà tó yá, dókítà ní ọkàn Hobart ti ń rẹ̀, bí kò bá sì rí oorun sùn, kò ní pẹ́ láyé.

Ó ń kó ìbọn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà jọ, ti ogun àkọ́kọ́ àti ti èkejì. Wọ́n kún yàrá òkè. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan Garand, ìyẹn ìbọn tí wọ́n gbé lọ sógun èkejì, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló máa ń wò, á sì gbé e kalẹ̀. Nọ́ńbà kan wà tó há sórí, òun ló ń wá. Lẹ́yìn ogun, ìjọba tún àwọn ìbọn náà ṣe, wọ́n pín wọn fún àwọn orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́, àwọn kan sì ń padà wálé díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹbí ló mọ ìbọn ẹni tó ń wá. Títí ìyá wa fi kú, nídìí tòlótòló tá a máa ń jẹ lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ ọdọọdún, ó máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá ìbọn Alvin padà, kí Hobart lè sinmi.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Clyde gbé ìbọn kan wọlé, ó fi aṣọ òtútù wé e.

"Bàbá Hobart, ẹ jókòó ná. Mi ò wá gbé òkú níbí o."

"Tú u, Clyde. Ẹnu rẹ gùn ju ìbọn lọ."

Hobart fi ìka tọ nọ́ńbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Òun ni," ló wí.

Loretta dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí! Tó sì há nọ́ńbà yẹn sórí! Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ nọ́ńbà tẹlifóònù ìyá wọn."

"Ìyá, ìyà ni wọ́n fi kọ́ wa," Clyde dáhùn. Kòríà lòun ti jagun. "Mo máa ń gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyàwó mi, mo sì ń jẹ palaba ìyà ẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹ jí mi lójú oorun, màá ka nọ́ńbà ìbọn mi fún yín geere."

"Ìyàwó rẹ ló ń jìyà, kì í ṣe ìwọ," Loretta fèsì.

A rẹ́rìn-ín. Hobart kò bá wa rín. Ó ti fa irin ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń wá ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá rẹ̀ tí ọta ń gbà jáde.

"Wọn ò pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀," ló wí.

"Rárá o! Igi ìdí rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ọ̀pá tó gbé lọ sógun náà ló gbé bọ̀. Orí yín mà dára o!"

Hobart fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

Nígbà tí Clyde lọ, Loretta gbá ìṣó mọ́ ògiri lábẹ́ àwòrán Alvin.

"Má gbé e súnmọ́ ọn," Hobart wí.

"Kí ló dé? Ṣebí òun ló ni ín?"

"Loretta, mo ní má gbé e súnmọ́ ọn."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí sínú abà. Láàárín àwọn tó ń kó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jọ, ẹni tó bá kàn ha igi rẹ̀ lásán, wọn á fi bú ọmọ rẹ̀. Hobart tan iná tí wọ́n fi ń gé irin, ó gé ọ̀pá náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Loretta dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

"Ìbọn Alvin! Hobart, ṣé orí rẹ pé ṣá?"

Hobart pa iná náà. Ó fi irin tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó kó ìyókù sínú korobá, a sì gun òkè lọ. Ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́bàá sàréè Alvin. Ó kúnlẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ títí. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tá a délé, ó bọ́ bàtà. Ó sùn títí oòrùn fi wọ̀. Ó gbé ọdún mélòó kan sí i láyé, ojú oorun ló sì kú sí. Loretta máa ń sọ fáwọn èèyàn pé bí Alvin ṣe gba nǹkan rẹ̀ padà ló jẹ́ kí ọkọ òun rí oorun sùn, n kò sì já a nírọ́ títí òun náà fi lọ.

Janelle, ọmọ ọmọ mi, tí o bá ń gbé irin náà lọ sí ilé ìrántí ìlú, má kọ orúkọ Alvin sí i, nítorí nọ́ńbà ìbọn Hobart fúnra rẹ̀ ni, òun ló sì wà lẹ́nu ìṣọ́ lóru ọjọ́ tí Alvin jáde lọ tọ̀, òun ló pe ẹni tó ń bọ̀ nínú òkùnkùn lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbọ́ èsì, tó sì yìnbọn.