Ọ̀dà Mọ́tò Ọ̀gá

"Rọra! Má fi ọ̀bẹ kàn án, kí ọ̀dà mọ́tò mi má bó!"

"Mo gbọ́, sà."

Dírẹ́bà tún da omi gbígbóná sórí bébà ìpolongo ìbò ẹgbẹ́ wọn tó fi ẹ̀kọ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò ọ̀gá rẹ̀, ó ń fi èékánná ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nítorí bébà yìí ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì ṣe gbá eyín iwájú rẹ̀ méjì dànù lọ́nà Ọ̀rà, nígbà tó kọ̀ kí wọ́n fà á ya.

"Ṣùgbọ́n ìbò ò tíì parí, sà."

"Mo mọ̀." Ọ̀gá na ìdì bébà tuntun sí i. "Lẹ èyí síbẹ̀."

Dírẹ́bà tú u. Àmì ẹgbẹ́ kejì ló wà lórí rẹ̀. Lábẹ́ àmì náà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ pé.